Adìyẹ Tó Bá Babaláwo Pòórá: Lámèyítọ́ Lórí Fíìmù Adẹ́rùbani Olówó-Pọ́ọ́kú

Nínú fíìmù kan tí a wò ní pálọ̀ wa ní Ìkọ̀lé-Èkìtì nígbà tí mo wà lọ́mọdé, babaláwo kan dúró ní ẹ̀yìnkùlé, ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, ó pọfọ̀ títí, ó wá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èéfín funfun rú, babaláwo pòórá. Gbogbo pálọ̀ pariwo. Àbúrò mi nìkan ni kò pariwo, ó na ìka sí tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Adìyẹ ńkọ́?" Lóòótọ́, adìyẹ pupa kan wà lẹ́yìn babaláwo náà tó ń ṣa nǹkan jẹ nílẹ̀ kí ó tó pàtẹ́wọ́. Òun náà ti bá a lọ. Ẹ̀gbọ́n wa kan yára là á yé wa pé agbára babaláwo náà ló pọ̀ débi tó fi kan adìyẹ. A gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀rù ṣì ń bà wá, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fẹ́ kí ẹ̀rù náà tán.

Ọdún gorí ọdún kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n dá kámẹ́rà dúró, òṣèré rọra kúrò lójú ibẹ̀, wọ́n da lẹ́búlẹ́bú sínú afẹ́fẹ́, wọ́n tún tan kámẹ́rà padà. Wọ́n á ti sọ fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n má mira. Adìyẹ nìkan ni kò gbọ́. Georges Méliès ti fi ọgbọ́n yìí kan náà sọ obìnrin kan di àwátì lórí àga ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1896, nítorí náà kò yẹ kí ó tì wá lójú. Ẹni tó bá fẹ́ fi adìyẹ yẹn sọ àwọn fíìmù wa di yẹ̀yẹ́ kò ní í wá ẹ̀rín tì. Èyí tó ṣòro láti dáhùn ni pé: kí ló dé tí ẹ̀rù fi ń bà wá síbẹ̀, lẹ́yìn tí a ti fojú ara wa rí i pé adìyẹ bá a lọ?

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, ohun tí mo sì rí ni pé owó kọ́ ni òṣùwọ̀n fíìmù adẹ́rùbani. Nǹkan mẹ́ta ni mo máa ń bi í. Kí ni ẹni tó ṣe é fi àìní rẹ̀ ṣe? Ǹjẹ́ agbára tó wà nínú ìtàn náà ní èèwọ̀ tí ó ń pa mọ́? Nígbà tí a bá pa tẹlifíṣọ̀n, ta ni fíìmù náà ní kí á máa bẹ̀rù? Fíìmù tó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò pọ̀. Èyí tó já gbogbo rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Kì í ṣe àìlówó ló bí irú fíìmù yìí nílẹ̀ wa. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé Ayé jáde lọ́dún 1979, tí Ọlá Balógun darí rẹ̀, ojúlówó fíìmù ni, irú èyí tí wọ́n ń gbé lọ sókè òkun lọ fọ̀. Ògúndé fúnra rẹ̀ ló ṣe babaláwo Ọ̀ṣẹ́túrá tó ń bá àwọn àjẹ́ jà, èrò sì tú yááyáá lọ wò ó. Jáíyésimi tẹ̀ lé e lọ́dún 1980. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba gbé ètò SAP dé lọ́dún 1986, tí náírà já wálẹ̀, owó fíìmù àti owó fífọ̀ rẹ̀ kọjá agbára àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó. Kámẹ́rà fídíò tí wọ́n fi ń ya ìgbéyàwó àti ìnáwó òkú ló kù tí ọwọ́ wọn lè tó. Wọ́n gbé e, wọ́n wọgbó. Soso Meji tí Adé Ajíbóyè ṣe jáde lọ́dún 1988. Ní 1989, oníṣòwò ọmọ Ìgbò kan, Kenneth Nnebue, náwó sórí Àjẹ́ Ni Ìyá Mi tí Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá ṣe. Ọdún 1992 ni Nnebue yìí kan náà tó gbé Living in Bondage jáde, fíìmù olówó-ètùtù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ Nollywood. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Nollywood ní ení, èjì, ẹ̀rù ti wà lórí kásẹ́ẹ̀tì, Yorùbá ló sì ń sọ.

Ká tó rí kásẹ́ẹ̀tì rà pàápàá, tẹlifíṣọ̀n ti kọ́ wa ní ìbẹ̀rù. Jímọ̀ Àlíù, ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ babaláwo, dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́ lọ́dún 1966. Ó wọṣẹ́ ológun ní 1967, ó fi í sílẹ̀ ní 1975, ó padà sídìí tíátà. Òun ló ṣe Arélù tí NTA Ìbàdàn gbé sáfẹ́fẹ́. Òun ni wọ́n mọ̀ sí Àwòrò. Òjó Arówóṣafẹ́ ni Fádèyí Olóró. Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú ni Òrìṣàbùnmi. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti papò dà báyìí. Jímọ̀ Àlíù kú ní Adó-Èkìtì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, Òrìṣàbùnmi tẹ̀ lé e ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, Fádèyí Olóró lọ ní 2024. Síbẹ̀, dárúkọ Fádèyí Olóró fún ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún lọ́jà Ọ̀yẹ́ lónìí, ohùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sín jẹ kí ó tó sọ ohunkóhun.

Ohùn ni mo wí. Tí a bá wo ohun tí ojú lè rí nínú irú eré bẹ́ẹ̀, kò ju ahéré, ìkòkò, aṣọ pupa àti ẹfun díẹ̀ lọ. Àwọn nǹkan tí èèyàn lè yá lọ́wọ́ aládùúgbò ni. Àmọ́ òṣèré tí tíátà alárìnjó ti tọ́ dàgbà kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ọfọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ọfọ̀ kì í sì í ṣe ariwo lásán. Orúkọ ewé tàbí ti ẹranko ni wọ́n sábà máa ń mú, wọ́n á yọ ọ̀rọ̀-ìṣe láti inú rẹ̀, wọ́n á wá fi ọ̀rọ̀ náà de ohun tí wọ́n ń wá. A mọ̀ pé tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́; ẹni tó bá mú ewé tẹ̀tẹ̀ dání, tó pè é bó ṣe yẹ kí á pè é, ti ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀tẹ́ kí ó tó parí gbólóhùn. Olùwòran tó gbédè máa ń rí ọ̀rọ̀ náà tó ń bọ̀ lókèèrè, á ti sáré lọ pàdé rẹ̀ lọ́kàn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wá balẹ̀ síbi tó rò pé yóò balẹ̀ sí, ara rẹ̀ á bù máṣọ. Iye owó tí èyí ná ẹgbẹ́ òṣèré kò ju owó omi tí wọ́n fi tu ọ̀fun lọ. Ìdáhùn mi sí ọ̀rọ̀ adìyẹ nìyẹn: etí wa ti gbà kí ojú wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn.

Àìlówó ní oore mìíràn tó ṣe. Ó fi dandan mú kí kámẹ́rà súnmọ́ èèyàn. Nínú Kótó Ọ̀run tí Yẹkínì Àjíléye ṣe, níbi tí òkìkí Margaret Bándélé Ọláyínká, Ìyá Gbonkan, ti kàn, ojú àwọn òṣèré ló ń ṣe iṣẹ́ tí idán ìbá ṣe. Obìnrin kan wò ọ́, kò sì ṣẹ́jú. Ó rọrùn láti ṣe, ó sì ṣòro láti gbàgbé. Àwọn ará ìlú òyìnbó náà mọ ọ̀nà yìí. Owó tí George Romero fi ṣe Night of the Living Dead lọ́dún 1968 kò tó 120,000 dọ́là. Ti Paranormal Activity lọ́dún 2007 kò ju nǹkan bí 15,000 dọ́là lọ, ohun tó sì ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn jù nínú rẹ̀ ni ilẹ̀kùn yàrá tó mira díẹ̀ lóru nígbà tí ọkùnrin kan àti olólùfẹ́ rẹ̀ ń sùn.

Níbo wá ni tiwa ti máa ń ṣubú? Níbi tí tálákà ti fẹ́ ṣe bí olówó ni. Mànàmáná aláwọ̀ búlúù tó ń jáde látẹ́lẹwọ́ babaláwo, iná kọ̀ǹpútà tí kò jó ewé kankan, tí kò sì tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú ẹni tó dúró tì í. Ojú wa mọ iná. Kò sí ọmọ Èkìtì tí kò tíì jókòó ti ààrò rí, nítorí náà irọ́ yẹn kò ṣeé pa fún wa. Èyí tó tún burú jù ú lọ ni ti ohùn. Wọ́n á gba òṣèré tó mọ ọfọ̀ dénú egungun, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ sọ ohùn rẹ̀ di ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga, wọ́n á tún da orin alariwo bò ó mọ́lẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní tí Hollywood kò ní, òun ni wọ́n fọwọ́ ara wọn sin.

Àbùkù kejì ni fífà. Ọkọ̀ á dé ẹnu géètì, wọ́n á fun fèrè, ẹ̀ṣọ́ á sáré ṣí géètì, ọkọ̀ á wọlé, olówó á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á kí i, á béèrè ìyá, wọ́n á gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ti lọ, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjà ló fà á: ìtàn tó yẹ kó tán lórí kásẹ́ẹ̀tì kan gbọ́dọ̀ di apá kìn-ín-ní àti apá kejì kí owó tó wọlé lè jẹ́ ìlọ́po méjì. Mo mọ ìdí rẹ̀, mi ò sì bínú sí ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í ṣe ọbẹ̀ tí a lè bu omi sí nítorí pé àlejò pọ̀. Bí a bá ti là á, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ èèwọ̀. Lọ́dún 2001, Túndé Kèlání gbé Thunderbolt jáde, ó gbé e karí Màgùn tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ. Ngozi, ọmọbìnrin Ìgbò, fẹ́ Yínká, ọmọ Yorùbá. Ìfura wọ àárín wọn. Wọ́n fi màgùn sí obìnrin náà lára. Kò sí iná, kò sí ìwo, kò sí ehín gígùn. Òfin kan ni wọ́n fún wa: ọkùnrin tó bá bá a lò pọ̀ yóò kú, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì bá a lò pọ̀ kí ọjọ́ tó pé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kú. Láti ìṣẹ́jú tí a ti gbọ́ òfin yẹn, ibùsùn lásán ti di ojú ibojì. Nígbà tí dókítà kan gbà láti fi ara rẹ̀ wéwu, tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì wà nítòsí láti dóòlà rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè mí. Àpẹẹrẹ tí mo máa ń tọ́ka sí nìyẹn nígbà tí wọ́n bá ní àìlówó ni kò jẹ́ kí fíìmù wa dẹ́rù bani.

Síbẹ̀, mo ní ohun méjì lòdì sí Thunderbolt. Ó fẹ́ kí ìṣègùn òyìnbó àti ti ìbílẹ̀ gba ara wọn gbọ́, ó sì fẹ́ kí á rí i pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Níbi tí àlàyé bá ti gùn, ẹ̀rù á lọ jókòó sábẹ́ igi kó sinmi. Èkejì ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ jù nínú rẹ̀. Màgùn lédè Gẹ̀ẹ́sì dà bí ẹ̀kọ tí a tú kúrò nínú ewé rẹ̀ sínú àwo tánganran: ó ṣì ń yóni, òórùn rẹ̀ ti lọ.

Ẹ fi Thunderbolt wé ogunlọ́gọ̀ fíìmù tí agbára inú wọn kò ní òfin. Onítọ̀hún di ejò, ó di ẹ̀fúùfù, ó wọ inú ògiri. Ọ̀tá rẹ̀ náà di iná, ó di òkúta. Èwo ló lágbára jù? Ẹni tí owó òṣèré rẹ̀ pọ̀ jù. Tí alágbára bá lè ṣe ohun gbogbo, kò sí ìdí tí a ó fi máa bẹ̀rù ohunkóhun pàtó. Àwọn àgbà wa kò dá oògùn kankan sílẹ̀ láìfi èèwọ̀ tì í: má jẹ èyí, má kọjá ibí, má jẹ́ kí òjò pa á. Àwọn tó ń ṣe ìtàn báyìí gba oògùn lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbàgbé èèwọ̀ sílé, inú èèwọ̀ sì ni ìtàn wà.

Agbára Ńlá tí ẹgbẹ́ eré onígbàgbọ́ Mount Zion ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 nílò ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí pé kò sí fíìmù tó dẹ́rù ba àwọn ọmọ ọjọ́ orí mi tó o. Mike Bámilóyè ti dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1985, wọ́n sì ń gbé eré wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́. Owó wọn kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n wọ́n ní Ìṣáwùrú. Ẹni tó gbọ́ orúkọ yìí nígbà ọmọdé rẹ̀ mọ ohun tí mo ń sọ: ní alẹ́ ọjọ́ tí a wò ó, kò sí ọmọ tó dá lọ sí ilé ìtọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Àwọn alámèyítọ́ kan máa ń bá irú fíìmù yìí wí pé a ti mọ òpin rẹ̀ ṣáájú: àdúrà yóò borí. Èmi kò ka ìyẹn sí àbùkù. A mọ̀ pé ojú yóò ti Ìjàpá nínú àlọ́, a sì ń gbọ́ ọ lálaalẹ́. Àbùkù tí mo rí ni pé Èṣù ni wọ́n fún ní ipa tó dára jù. Ìṣáwùrú ní ìrìn, ó ní ohùn, ó ní ìtẹ́; àwọn olùgbàgbọ́ ní ìwàásù. Lónìí, bi ẹgbẹ́ mi kan léèrè pé kí ni wọ́n wàásù nínú Agbára Ńlá, á máa họrí. Bi í léèrè Ìṣáwùrú, á dìde dúró ṣe é fún ọ. Fíìmù tó fẹ́ gba ọkàn là, tó wá fi ọ̀tá sílẹ̀ sínú ọkàn náà fún ọgbọ̀n ọdún, ó yege nínú iṣẹ́ ọnà ju bó ṣe yege nínú iṣẹ́ tó rán ara rẹ̀ lọ.

Ìbéèrè kẹta ló ń ká mi lára jù. Ta ni wọ́n ní kí á máa bẹ̀rù? Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù wa, ìdáhùn náà kì í yí padà: obìnrin arúgbó. Ìyá tó ń dá gbé, tí ọmọ rẹ̀ ti kú tàbí tí kò bí rárá, tí ojú rẹ̀ pọ́n. Mo mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa. Èéfín ààrò ló sọ ojú rẹ̀ di pupa, torí pé igi ló fi ń dáná láti ọjọ́ tó ti jẹ́ ọmọdé. Fíìmù kò bi í léèrè. Wọ́n ti fi atíkè kun ojú òṣèré kan ní funfun, wọ́n fi aṣọ pupa wé e lórí, àwa ọmọdé sì ti gbé àwòrán yẹn lé ìyá náà lórí kí a tó mọ orúkọ rẹ̀. A kò gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré, kò sì sí adìyẹ kankan tó lè pa wá lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Níbòmíràn ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. End of the Wicked, tí Teco Benson darí lọ́dún 1999 fún oníwàásù Helen Ukpabio, fi àwọn ọmọdé hàn gẹ́gẹ́ bí àjẹ́. Àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọdé sọ pé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ dá kún bí wọ́n ṣe ń lé ọmọ jáde nílé ní Ákwá Ìbọm àti agbègbè rẹ̀. Ukpabio kò gba ẹ̀sùn náà. Ìjọba Ákwá Ìbọm ṣòfin lọ́dún 2008 tó sọ pípe ọmọdé ní àjẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Alámèyítọ́ kò lè fojú fo irú èyí, kó wá máa yin iná àti ìró. Fíìmù tó kọ́ mi láti bẹ̀rù ẹni tí kò lágbára, bó ti wù kó jáfáfá tó, mi ò lè pè é ní iṣẹ́ rere.

Kì í ṣe pé ọ̀nà mìíràn kò sí. Ti Olúwa Nilẹ̀, tí Kèlání bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1993, fi ẹ̀rù síbi tó yẹ ẹ́: àwọn ìjòyè tó ta ilẹ̀ àjogúnbá ni ikú ń wá kiri, Ọ̀tún tí Kareem Adépọ̀jù, Bàbá Wándé, ṣe sì ń sá káàkiri pẹ̀lú ọgbọ́n àrékérekè rẹ̀. A ń rẹ́rìn-ín, ọkàn wa kò sì balẹ̀. Ẹni tó bá mọ iye ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà ní Èkìtì kò ní í béèrè ìdí.

Ojuju tí C.J. Obasi ṣe lọ́dún 2014 tún lọ síwájú sí i. Orúkọ tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé ló fún fíìmù náà, ó sì pe akọni inú rẹ̀, tí Gabriel Afọláyan ṣe, ní Romero, láti fi júbà ẹni tó lànà. Ládùúgbò àwọn tálákà kan ní Èkó, omi tí wọ́n ń mu ti bàjẹ́, àwọn tó mu ún sì ń di abàmì tó ń lé ẹran ara kiri. Owó tí wọ́n fi ṣe é kò jọ owó, síbẹ̀ ó gba àmì-ẹ̀yẹ fíìmù Nàìjíríà tó dára jù lọ níbi àjọ̀dún fíìmù AFRIFF ọdún náà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé kò lo àdúgbò náà bí aṣọ àyálò. Àwọn ọ̀nà tóóró, ilé tó sún mọ́ ara wọn débi pé kò síbi tí èèyàn lè sá gbà, àwọn ni ìdẹkùn ìtàn náà. Àìlówó àwọn tó ń ṣe é àti àìlówó àwọn tó ń gbé ibẹ̀ di ọ̀kan. Àbùkù rẹ̀? Àárín rẹ̀ fà. Sísá àti lílé pọ̀ ju ohun tó ń yí padà lọ, àwọn òṣèré kan sì ń sọ ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kà á. Ṣùgbọ́n nígbà tó parí, mo wo ife omi tó wà níwájú mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù tó jẹ́ kí èèyàn wo omi rẹ̀ dára ju ẹ̀rù tó jẹ́ kó wo ìyá aládùúgbò rẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo bá ń ro gbogbo èyí, ère ẹ̀pà ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo ọdún ẹ̀pà ní apá òkè Èkìtì, tàbí ní Òpin lọ́hùn-ún níbi tí Aréògún ti gbẹ́gi, ẹ mọ bó ṣe rí. Apá òkè ni gbogbo ẹwà wà: jagunjagun lórí ẹṣin, ìyá pẹ̀lú ọmọ, irun dídì, ìlẹ̀kẹ̀, gbogbo rẹ̀ tán láìkù síbì kan. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ni Bándélé, ọmọ Aréògún, gbé wá sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì nígbà tí Fádà Kevin Carroll dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1947. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ère, ibi tó bo orí ẹni tó gbé e, ìkòkò ni wọ́n ń pè é. Kò sí àrà níbẹ̀. Ojú ńlá, ẹnu tó là sílẹ̀, ojú kan níwájú, òmíràn lẹ́yìn, gbẹ̀ǹdùgbẹ́ńdù bí ohun tí wọ́n fi àdá sá. Ẹni tó ń jó máa fo sórí òkìtì pẹ̀lú igi wúwo yẹn lórí. Bí ó bá ṣubú, kò dára fún ìlú. Ère orí ni àwọn òyìnbó kó lọ sílé ọnà lọ máa wò. Ọmọdé tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì kò lè rí i dáadáa. Ìkòkò ló wà níwájú rẹ̀, ìkòkò ló sì ń sá fún. Kì í ṣe pé agbẹ́gilére kò mọ bí a ti ń dán igi. Ó mọ ibi tí dídán kò yẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo sọ fún ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ìkọ̀lé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, nígbà tó gbé fíìmù oníṣẹ́jú méjìdínlógún tó fi fóònù yà wá fún mi. Ìtàn rẹ̀ dára. Ọkùnrin kan padà sílé lẹ́yìn ìsìnkú ìyá rẹ̀; lóru, ó gbọ́ tí ẹnì kan ń gúnyán nínú ilé ìdáná ìyá náà. Kí ni yóò tún dẹ́rù ba ọmọ Èkìtì ju ìyẹn lọ? Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn, iná kọ̀ǹpútà bú jáde, obìnrin funfun kan sì ń léfòó nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń bá wa wò ó bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, oṣù méjì ni mo fi ṣe iná yẹn."

Mo ní kó yọ ọ́. Kí ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, kí fíìmù parí kó tó ṣí i. Kí odó máa dún lọ nínú òkùnkùn. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ní kó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó tún béèrè bóyá kí òun yọ ohùn adìyẹ kan tó ké lẹ́yìn nígbà tí wọ́n ń gba ohùn odó sílẹ̀, torí pé àṣìṣe ni. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Adìyẹ tó bá ké lóru ti rí nǹkan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó gbé e padà wá, a sì jókòó sí pálọ̀ kan náà níbi tí babaláwo ti pòórá lọ́jọ́ kìíní. Kò sí iná, kò sí obìnrin funfun. Ọkùnrin náà dé ẹnu ọ̀nà. Odó ń dún, gbì, gbì, gbì. Adìyẹ ké lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ọmọ tó rẹ́rìn-ín. Láti yàrá, Mọ́ọ̀mi tí wọn kò bá wa wò ó, tí wọ́n ti sùn láti ìrọ̀lẹ́, gbóhùn sókè:

"Ta ló ń gúnyán lóru yìí?"